Àpò Rákíyà

Ìyàwó mi ló jẹ gbèsè yìí, kì í ṣe èmi.
Kí ọyẹ́ tó dé ló ti ṣèlérí fún ọmọṣẹ́ rẹ̀:
"Rákíyà, lọ́jọ́ tí o bá gba fírídọ̀mù,
àpò aláràbarà kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.
Ọwọ́ ni n ó fi rán an, kò ní kan ẹ̀rọ."
Ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ mú un lọ.
Ọjọ́ fírídọ̀mù kò yẹ̀.

Ni èmi Ọládọ̀tun, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
tí kò rán bọ́tìnnì kan rí láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa ní Sábọ́n Gàrí, ní Sáríà,
mo ṣí agolo bisikíìtì tí n kò bá bisikíìtì nínú rẹ̀ rí.
Abẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ aró.
Téèpù tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pa rẹ́ níbi ogójì,
níbi ìbàdí àwọn obìnrin àdúgbò.

Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, mo fi ìborùn rẹ̀ bò ó.
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
ó ké bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.
Mo tọrọ gáfárà, mo kúrò níwájú rẹ̀.

Ìta àpò, aṣọ ẹ̀lú Kánò tó ṣì ń kun ni lọ́wọ́;
okùn rẹ̀, etí ìró tó fi pọn àbíkẹ́yìn wa;
inú rẹ̀, sààkì fúláwà, mo fọ̀ ọ́ títí,
"àádọ́ta kílò" ṣì hàn gàdàgbà.

Ọmọ Dáúdà ló ń bá mi ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.
Owó iṣẹ́ rẹ̀: òwú kan, kúlíkúlì kan.
Ó lóṣòó tì mí, ó ń ka ojú ìrán,
dáyà, bíyú, úkù,
ó dákẹ́.
"Bàbá, ó wọ́."
Mo mọ̀ pé ó wọ́.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣọ́ ojú irin,
irin méjì tó gba Fúntúà lọ sí Kaúrà Namóda,
tí wọn kì í wọ́, tí wọn kì í sì í pàdé.
Ta ni ì bá kọ́ irú mi bí aṣọ méjì ṣe ń pàdé?
Wọ́n ní ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀.
Abẹ́rẹ́ tèmi ti lọ.
Mo ń wọ́ tẹ̀lé e, mo ń takókó lójú ọ̀nà.

Lóru ọjọ́ kẹrin, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù,
èyí tí ojú rẹ̀ pọ́n bí idẹ.
Mo fi tọ́ọ̀ṣì wá ilẹ̀. Mo gbọn ẹní. Mo gbọn ara mi.
Òmíràn ni mo fi parí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, Rákíyà dé láti Gíwá.
Mo ti to àwáwí mi sẹ́nu.
Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á,
lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mo ń bẹ̀rù:
ó yí inú rẹ̀ síta,
bí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ, pé inú ni aṣọ ti ń sọ òótọ́.
Ìka rẹ̀ ń tọ ojú ìrán bí ẹni ń ka lẹ́tà.
Ó dé ibi tí mo ti tú u lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dúró.
Ó wò mí. Mo wo òrùlé.
Ó dé igun ìsàlẹ̀, "Wáyyò!"
ó fa ìka yọ, ẹ̀jẹ̀ bíńtín lórí rẹ̀.
Abẹ́rẹ́ ọ̀hún rèé, láàrin ẹ̀lú àti fúláwà.
Mo ti rán an mọ́ inú.

Mo ní kó jẹ́ n yọ ọ́.
Ó fi ìka sẹ́nu, ẹ̀rín sì gbà á:
"Ọ̀gá ò tíì jáwọ́, wọ́n ṣì ń gún mi."
Ó gbé e kọ́ èjìká. Okùn gùn lápá kan.
Ó wọ ọkọ̀ Fúntúà pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé,
ọmọ Dáúdà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
Kúlíkúlì mẹ́ta, ó ní, ló kù.